Orí Kẹfà: Ọ̀wọ́ Bàálù Ọmọ Ogun Òfurufú Nàìjíríà

Ohun tí ẹ ó kọ́ nínú orí yìí

Bí ẹ bá ka orí yìí parí, ẹ ó lè:

1. sọ ìdí tí ìlú etí omi bí Èkó fi gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ń lọ tó ń bọ̀ lójú òfurufú rẹ̀;
2. pín bàálù ológun sí ìsọ̀rí gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí kálukú ń ṣe;
3. ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ òṣèlú ayé ṣe pinnu ibi tí Nàìjíríà ti ń ra bàálù láti 1964;
4. fi ìyàtọ̀ sáàárín iye bàálù tí a ní àti iye tó lè gbéra.

6.1 Láti ẹnu géètì Tafawa Balewa Square

Ẹni tó bá ti Ọbáléndé rìn bọ̀ sí Oníkan, tó wá gbójú sókè ní ẹnu géètì Tafawa Balewa Square, yóò rí ère ẹṣin funfun mẹ́rin àti ère idì pupa méje. Ẹṣin dúró fún iyì, idì dúró fún agbára. Pápá ìje ẹṣin ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ àsíá Gẹ̀ẹ́sì kalẹ̀, tí wọ́n sì fa tiwa sókè, ní òru tó mọ́jú ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1960. Ní 1972 ni ìjọba Yakubu Gowon kọ́ gbàgede tí a ń rí lónìí.

Nítòsí gbàgede yìí ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ àtijọ́ wà, nígbà tí Èkó ṣì jẹ́ olú-ìlú. Àwọn aṣòfin ìgbà náà ló ṣe òfin 1964 tó dá Ilé-iṣẹ́ Ọmọ Ogun Òfurufú Nàìjíríà sílẹ̀. Independence House, ilé alájà 25 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, sì ni ilé-iṣẹ́ ètò ààbò lò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà Èkó kan fi ń pè é ní Defence House títí di òní.

Kò sí pápá kankan ní Erékùṣù Èkó tí bàálù ajagun ti lè gbéra. Síbẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n bí ilé-iṣẹ́ ọmọ ogun òfurufú wa sí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dà bíi ti ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó tó kó lọ sí Ìkẹjà, tí iṣẹ́ wá gbé e dé Kàdúná àti Makurdi: ibi yòówù kó máa gbé, ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n yóò kọ́kọ́ béèrè agboolé rẹ̀.

Nínú orí yìí, a ó máa lo gbólóhùn náà ọ̀wọ́ bàálù. Ohun tí a ní lọ́kàn ni gbogbo bàálù, hẹlikópítà àti dróònù tí iléeṣẹ́ ológun kan ní, pẹ̀lú páàtì wọn, mẹkáníìkì wọn àti awakọ̀ wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe yọ àwọn tó kẹ́yìn wọ̀nyí sílẹ̀. Bàálù tí kò ní páàtì, tí kò ní ẹni tí yóò tún un ṣe, ère ni, bí idì pupa tó wà lẹ́nu géètì yẹn.

6.2 Ohun tí omi gbé wá, òfurufú náà lè gbé e wá

Kò sí ẹni tó lè kọ́ Ìsàlẹ̀ Èkó ní ohun tí irinṣẹ́ ogun tó ju tẹni lọ lè ṣe. Ní oṣù kejìlá 1851, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì wọ inú ọ̀sà, wọ́n sì kọjú ìbọn àgbá sí ìlú. Ọba Kòsọ́kọ́ àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ kò sá lójú ìjà. Wọ́n ti gbẹ́ yàrà sí etí omi, wọ́n sì ní ìbọn àgbá tiwọn. Ohun tí wọn kò ní ni ọkọ̀ tí wọ́n lè fi jáde pàdé ọkọ̀ onítíìmù tó ń rìn láìfi ti afẹ́fẹ́ ṣe. Ìlú jóná, Kòsọ́kọ́ sá lọ, wọ́n sì dá Akítóyè padà sí Ìgá Ìdúngànràn. Nígbà tó di 1861, Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó pátápátá.

Ní nǹkan bí 80 ọdún lẹ́yìn náà, ọkọ̀ mìíràn tún balẹ̀ sójú ọ̀sà kan náà, ṣùgbọ́n òkè ló gbà wá. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, láti 1941, ilé-iṣẹ́ BOAC ti Gẹ̀ẹ́sì ń fi Boeing 314, bàálù ńlá tó lè gúnlẹ̀ sórí omi, ná ọ̀nà Èkó. Èkó wà lójú ọ̀nà tí wọ́n fi ń kó bàálù ogun láti Takoradi ní Gold Coast gba Kano kọjá lọ sí Íjíbítì. Àwọn ọmọ Èkó náà ò jókòó. Peter Adeniyi Thomas, ọmọ ìdílé oníṣòwò kan ní Èkó, wọ iṣẹ́ ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1942, òun ni ọmọ adúláwọ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi joyè ọ̀gá ológun níbẹ̀. Ìjàǹbá bàálù ló pa á ní oṣù kìíní 1945, nígbà tí ogun náà kù díẹ̀ kó parí.

Ìgbà kẹta ló ká Èkó mọ́lé jù. Nígbà ogun abẹ́lé, Biafra sọ bàálù akérò Fokker Friendship kan tí wọ́n ti gbà lọ́wọ́ Nigeria Airways di bàálù ajubọ́ǹbù. Ní òru ọjọ́ kan ní oṣù kẹwàá 1967, ó gba òfurufú dé orí Èkó. Ó bú gbàmù sójú ọ̀run, gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀ sì kú. Bàálù tí kì í ṣe ti ogun, tí wọn ò ṣe fún bọ́ǹbù, ló já wọ òfurufú olú-ìlú.

Ẹ fi ìṣẹ̀lẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí sọ́kàn. Nínú gbogbo wọn, ìbéèrè kan náà ló jáde: kí ni a ní tó lè dìde lọ pàdé ohun tó ń bọ̀, kó tó dé ẹnu ọ̀nà ilé?

6.3 Iṣẹ́ márùn-ún, irú bàálù márùn-ún

Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé bàálù ogun túmọ̀ sí bàálù tó ń yìnbọn. Èyí tó ń yìnbọn kò ju apá kan lọ. A lè pín ọ̀wọ́ bàálù ológun sí ìsọ̀rí márùn-ún.

(a) Bàálù ajagun. Méjì ni èyí pín sí. Àkọ́kọ́ ni èyí tó ń dojú kọ bàálù ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ lókè. Ó gbọ́dọ̀ yára, ó sì gbọ́dọ̀ gbéra kíákíá bí ọ̀tá bá yọjú. Àpẹẹrẹ ni F-7NI tí Nàìjíríà rà ní Ṣáínà. Ìyára rẹ̀ lè tó ìlọ́po méjì ìyára ohùn, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ lókè tí epo rẹ̀ fi ń lọ sópin. Èkejì ni èyí tó ń kọlu ọ̀tá lórí ilẹ̀, bí Alpha Jet àti A-29 Super Tucano.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí Super Tucano, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń béèrè pé: kí ló dé tí a fi owó ńlá ra bàálù tó ní pàǹkà lẹ́nu ní ọ̀rúndún yìí? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú irú ọ̀tá tí a ń bá jà. Agbésùnmọ̀mí tó ń gun alùpùpù nínú igbó Sambisa kò ní bàálù. Bàálù tó ń sáré bí mànàmáná yóò ti kọjá lórí rẹ̀ kí awakọ̀ tó ríran dáadáa. Super Tucano kì í sáré tó bẹ́ẹ̀, ó lè yípo ibì kan fún wákàtí púpọ̀, epo tó ń jẹ kéré, ó sì lè balẹ̀ sí pápá tí kò dán mọ́rán. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ọ̀tá là ń wò ká tó ra bàálù.

(b) Bàálù akẹ́rù. Àwọn wọ̀nyí ni alábàárù ogun. C-130 Hercules ló lókìkí jù nínú wọn. Ẹ́ńjìnì mẹ́rin ló ní, ó lè gbé nǹkan bí 90 ọmọ ogun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń ṣí sílẹ̀ débi tí ọkọ̀ ilẹ̀ ń wọnú rẹ̀. Ìkẹjà ni ibùdó rẹ̀. Nígbà tí ECOMOG, ọmọ ogun àjùmọ̀ní àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, lọ pẹ̀tù sí ogun Liberia àti Sierra Leone ní àwọn ọdún 1990, bàálù akẹ́rù wà lára ohun tó ń gbé ọmọ ogun, oúnjẹ àti oògùn lọ, tó sì ń gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́ padà wálé.

(d) Hẹlikópítà. Kò nílò pápá gígùn, ó lè dúró lójú kan lókè, ó lè balẹ̀ sínú oko. Mi-35 ń jagun, ó sì tún ń gbé ọmọ ogun díẹ̀ nínú. Agusta 109 kéré, ó sì yá lẹ́sẹ̀. Fún àgbègbè tí omi àti ẹrẹ̀ ti pọ̀ bí etí ọ̀sà Èkó àti ẹ̀bá odò tó lọ sí Arepo, hẹlikópítà ló wúlò jù. Iṣẹ́ àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní Operation Awatse, tí wọ́n dá sílẹ̀ láti ṣọ́ òpópónà epo ní Èkó àti Ògùn, lo irú rẹ̀.

(e) Bàálù awòyíká. Ojú ni iṣẹ́ tirẹ̀. ATR 42 méjì tí Nàìjíríà rà ní nǹkan bí 2009 sí 2010 ń fi rádà wo ojú òkun, wọ́n ń wá àwọn tó ń jí epo àti àwọn ajalèlókun. Ìlú Benin ni ibùdó wọn, ṣùgbọ́n èrè iṣẹ́ wọn ń dé èbúté Apapa àti Tin Can, níbi tí ọkọ̀ ọjà ń gúnlẹ̀ sí. Àwọn King Air kéékèèké ń wo ilẹ̀. Dróònù ń ṣe bákan náà láìsí ènìyàn nínú, àwọn kan lára wọn sì lè yìnbọn.

(ẹ) Bàálù ìkọ́ṣẹ́. Ibi tí gbogbo rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyí. Super Mushshak mẹ́wàá tí a rà ní Pakistan ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ bí a ti í gbéra àti bí a ti í balẹ̀, ní Kàdúná. Orílẹ̀-èdè tí kò ní bàálù ìkọ́ṣẹ́ yóò ní bàálù ajagun tí kò ní awakọ̀.

6.4 Ta ló fẹ́ tà fún wa?

Àkọsílẹ̀ bàálù tí Nàìjíríà ti rà dà bí ìwé ìtàn ọ̀rẹ́ àti ọ̀tá. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó lówó lọ́wọ́ ló ń rí bàálù ogun rà. Orílẹ̀-èdè tó ń tà á yóò kọ́kọ́ béèrè pé: ta ni ẹ fẹ́ fi bá jà?

Láti 1962 ni ìjọba ti ń rán àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin lọ kọ́ṣẹ́ bàálù ní Ethiopia, lẹ́yìn náà ní Kánádà àti Íńdíà. Nígbà tí òfin 1964 jáde, Jámánì Ìwọ̀-Oòrùn ló wá ràn wá lọ́wọ́. Ará Jámánì ni ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́, Gerhard Kahtz. Àwọn bàálù àkọ́kọ́ náà sì ti ọ̀dọ̀ wọn wá: Dornier 27 fún iṣẹ́ kéékèèké, Piaggio 149 fún ìkọ́ṣẹ́, Noratlas fún ẹrù. Kò sí ajagun kankan nínú wọn. Ní 1966 ni George Kurubo di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó wà ní ipò olórí.

Bí ogun abẹ́lé ṣe bẹ́ sílẹ̀ ní 1967, àwọn ará Jámánì palẹ̀ ẹrù wọn mọ́. Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà kò fẹ́ ta bàálù ajagun fún ìjọba àpapọ̀. Ìjọba bá yíjú sí ìlà-oòrùn Yúróòpù. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, MiG-17 láti Soviet Union gúnlẹ̀ sí Kano. L-29 Delfin wá láti Czechoslovakia. Ilyushin 28 tó ń ju bọ́ǹbù sì tẹ̀ lé wọn. Nítorí pé awakọ̀ tiwa kò tíì pọ̀ tó, àwọn ará Íjíbítì àti àwọn àjòjì tí wọ́n ń sanwó fún wà lára àwọn tó ń wà wọ́n. Shittu Alao, tó di olórí ní oṣù kẹjọ 1967, kú nígbà tí L-29 tó ń wà já lulẹ̀ ní Uzebba, nítòsí Benin, ní oṣù kẹwàá 1969. Ọ̀gá àgbà pátápátá ni, síbẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ló ń wa bàálù.

Lẹ́yìn ogun, owó epo rọ̀bì dé. MiG-21 dé ní 1975. C-130 mẹ́fà dé láti Amẹ́ríkà ní àárín àwọn ọdún 1970. Láti 1981, Alpha Jet 24 bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Lẹ́yìn náà ni Jaguar 18 láti Gẹ̀ẹ́sì ní 1984, MB-339 méjìlá àti G222 márùn-ún láti Ítálì, àti L-39 24 láti Czechoslovakia. Ẹ ka àwọn orílẹ̀-èdè yẹn dáadáa: Soviet Union, Amẹ́ríkà, Faransé pẹ̀lú Jámánì, Gẹ̀ẹ́sì, Ítálì, Czechoslovakia. Ó dára lójú láti rí gbogbo wọn lórí pápá. Ohun tí èyí bí, a ó rí i ní ìpín 6.6.

6.5 Ọ̀wọ́ bàálù ti òde òní

Àwọn wọ̀nyí ni pàtàkì lára bàálù tó wọlé láti 2009:

• F-7NI: 15 (12 oníjókòó kan, 3 oníjókòó méjì fún ìkọ́ṣẹ́), láti Ṣáínà, 2009 sí 2010. Iye àdéhùn rẹ̀ jẹ́ $251 mílíọ̀nù.
• Super Mushshak: 10, láti Pakistan, fún ìkọ́ṣẹ́.
• Mi-35M: hẹlikópítà ajagun, láti Rọ́ṣíà.
• JF-17 Thunder: 3, iṣẹ́ ọwọ́ Pakistan àti Ṣáínà. Wọ́n wọ iṣẹ́ ní Makurdi ní oṣù karùn-ún 2021.
• A-29 Super Tucano: 12, láti Amẹ́ríkà. Mẹ́fà àkọ́kọ́ dé Kano ní oṣù keje 2021. Gbogbo rẹ̀ ná wa ní nǹkan bí $500 mílíọ̀nù. Kainji ni ibùdó wọn.
• Wing Loong II àti àwọn dróònù mìíràn tó lè yìnbọn, láti Ṣáínà.
• T129 ATAK: hẹlikópítà ajagun mẹ́fà tí a béèrè fún ní Tọ́kì.
• M-346: 24 tí a béèrè fún ní Ítálì, láti rọ́pò Alpha Jet tó ti dàgbà.

Ẹ ó ṣàkíyèsí nǹkan méjì. Àkọ́kọ́, púpọ̀ lára ohun tó wọlé láti 2009 ni a rà fún ogun orí ilẹ̀, fún ọ̀tá tí kò ní bàálù. Èkejì, a ṣì ń rajà ní ilé púpọ̀.

Ó tún yẹ kí a mọ ohun tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ti fi ọwọ́ ara wọn ṣe. Ní Kàdúná, láti ìparí àwọn ọdún 1980, wọ́n to bàálù ìkọ́ṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Air Beetle. Ní 2018, dróònù Tsaigumi jáde. Nígbà tí Alpha Jet kù díẹ̀, iléeṣẹ́ náà ra mélòó kan tó wà lọ́wọ́ aládàáni ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ti yọ ohun ìjà kúrò lára wọn. Ẹnjiníà tiwa ló fi ohun ìjà padà sára wọn ní nǹkan bí 2015 sí 2016. Iṣẹ́ àfọwọ́ṣe ni, ẹni tó bá ti rí aláàtúnṣe ní Ìdúmọ̀tà tó ń jí ẹ̀rọ tó ti kú dìde yóò mọ irú ọgbọ́n tó wà níbẹ̀.

6.6 Mélòó ló lè gbéra lónìí?

A ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ gangan wà. Ẹ jẹ́ ká fi danfo ṣàlàyé rẹ̀.

Ká ní ọlọ́kọ̀ kan ní danfo mẹ́wàá tó ń ná Ọbáléndé sí Ìyànà-Ìpájà. Bí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bá jẹ́ irú kan náà, mẹkáníìkì kan tó mọ̀ ọ́n dunjú ti tó o, páàtì kan náà ni yóò máa rà, awakọ̀ èyíkéyìí sì lè gun èyíkéyìí. Bí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bá jẹ́ irú mẹ́wàá, yóò wá mẹkáníìkì mẹ́wàá. Nígbà tí ọkọ̀ kan bá sì kọṣẹ́, tí owó kò sí, mẹkáníìkì yóò sọ pé, "Ẹ jẹ́ ká yọ ti inú èyí sínú ìyẹn." Ọkọ̀ kan padà sójú títì, èkejì dúró sórí òkúta. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, èyí tó wà lórí òkúta ti di ìkòkò páàtì. Bí ẹ bá bi ọlọ́kọ̀ yẹn léèrè, mẹ́wàá ni yóò pe danfo rẹ̀. Àwọn èrò tó ń dúró ní ibùdókọ̀ mọ̀ pé mẹ́rin ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀wọ́ bàálù tí a rà ní àwọn ọdún 1970 àti 1980 nìyẹn. Jaguar 18 wọ iṣẹ́ láti 1984; nígbà tó di 1991, wọ́n ti gbé gbogbo wọn sílẹ̀ nítorí àìsówó. Bàálù náà kò burú: àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fò ó títí di 2007, Íńdíà sì tẹ̀ síwájú láti máa lò ó. Ohun tí a rà ni bàálù. A kò ra ogún ọdún ìtọ́jú rẹ̀.

Kí ló dé tí bàálù fi gba ìtọ́jú tó bẹ́ẹ̀? Ìdí mẹ́ta ni.

Ìkínní, wákàtí ni a fi ń ka ọjọ́ orí rẹ̀. Gbogbo ẹ̀yà pàtàkì, láti orí ẹ́ńjìnì dé orí táyà, ló ní iye wákàtí tàbí iye ìgbà ìbalẹ̀ tí yóò lò kí wọ́n tó tú u wò tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Danfo lè fi ìdùnnú olówó rẹ̀ rìn kọjá àkókò yẹn. Bí ó bá kú lójú títì, èrò yóò sọ̀ kalẹ̀. Kò sí ibùdókọ̀ lókè.

Ìkejì, ojú ọjọ́. Ẹ wo páànù orí àwọn ilé àtijọ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó bí ó ti pọ́n dòdò. Iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ òkun ló ń jẹ ẹ́. Iyọ̀ kan náà ń jẹ irin àti alumíníọ̀mù ara bàálù, nítorí náà bàálù tó bá ń ṣiṣẹ́ létí òkun gbọ́dọ̀ máa wẹ̀ déédéé, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa yẹ ìsopọ̀ ara rẹ̀ wò. Ní àríwá, eruku ọyẹ́ ni wàhálà tiwọn: ó ń wọnú ẹ́ńjìnì.

Ìkẹta, àtúnṣe ńlá. Bí C-130 bá ti lo iye ọdún kan, wọ́n gbọ́dọ̀ tú u palẹ̀, kí wọ́n yẹ egungun rẹ̀ wò. Òkè òkun ni wọ́n máa ń gbé tiwa lọ tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú owó dọ́là. Láìpẹ́ yìí, àwọn ẹnjiníà àti mẹkáníìkì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní ibùdó ìtọ́jú tó wà ní Ìkẹjà, lọ́wọ́ ara wọn. Kò ní ariwo bíi ti ọjọ́ tí bàálù tuntun gúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ òun ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí a ti kà nínú orí yìí.

Èkó mọ ohun tí àdánù bàálù jẹ́. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án 1992, C-130 kan gbéra ní Ìkẹjà, kò pẹ́ tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọṣẹ́, ó sì já sínú irà ní Èjìgbò. Ó lé ní 150 ènìyàn tó kú, ọ̀dọ́ ọ̀gá ológun ló pọ̀ jù nínú wọn.

6.7 Àwọn ènìyàn inú rẹ̀

Bàálù kì í jagun, ènìyàn ló ń jagun. Ní oṣù kẹwàá 2019, Kafayat Sanni di obìnrin àkọ́kọ́ tó ń wa bàálù ajagun ní Nàìjíríà, Tolulope Arotile sì di obìnrin àkọ́kọ́ tó ń wa hẹlikópítà ajagun. Arotile kú ní oṣù keje 2020, kò tíì pé ọdún kan lẹ́yìn náà. Ní oṣù keje 2021, àwọn agbébọn yìnbọn lu Alpha Jet tí Abayomi Dairo ń wà ní ààlà Zamfara àti Kàdúná. Ó bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú agbòòrùn ìbalẹ̀, ó fi òkùnkùn bojú títí ó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ogun.

Agbára yìí ní ẹrù tirẹ̀. Ní oṣù kìíní 2017, bàálù ajagun wa kan ju bọ́ǹbù sí ibùdó àwọn tí ogun lé kúrò nílé ní Rann, ìpínlẹ̀ Borno. Ọ̀pọ̀ aláìṣẹ̀ ló kú. Ìdí nìyẹn tí ìsọ̀rí (e), bàálù awòyíká, kì í fi í ṣe àbúrò bàálù ajagun. Ojú ló yẹ kó ṣáájú ọwọ́.

6.8 Àkótán

Ìdí tí ìlú fi ń ní bàálù ogun ni kó lè pàdé ewu kí ewu tó dé ilé. Iṣẹ́ márùn-ún ni ọ̀wọ́ bàálù ń ṣe: ìjà, ẹrù, hẹlikópítà fún ibi tí kò ní pápá, ìṣọ́ àti ìkọ́ṣẹ́. Òṣèlú ló pinnu ẹni tó tà fún Nàìjíríà: Jámánì ní 1964, Soviet Union ní 1967, ilé púpọ̀ láti ìgbà owó epo. Ríra bàálù láti ilé púpọ̀ láìsí owó ìtọ́jú ló sọ ọ̀pọ̀ wọn di ère.

Ọ̀rọ̀ tó yẹ ní mímọ̀

Ọ̀wọ́ bàálù: gbogbo bàálù tí iléeṣẹ́ kan ní, pẹ̀lú páàtì àti òṣìṣẹ́ wọn.
Bàálù tó lè gbéra: èyí tó wà ní pípé, tó ní awakọ̀, epo àti páàtì, tó lè jáde lónìí bí a bá pè é.
Bàálù awòyíká: èyí tó ń fi rádà tàbí kámẹ́rà ṣọ́ ilẹ̀ tàbí òkun.
Ìyọpáàtì: yíyọ ẹ̀yà ara bàálù kan láti fi tún òmíràn ṣe.

Ìbéèrè

1. Kí ni Kòsọ́kọ́ ní ní 1851, kí sì ni kò ní? So ìdáhùn rẹ mọ́ ìṣẹ̀lẹ̀ oṣù kẹwàá 1967.
2. Ṣàlàyé ìdí tí Super Tucano fi lè wúlò ju F-7NI lọ fún ogun Sambisa. Irú ogun wo ni F-7NI yóò ti wúlò jù ú lọ?
3. Kí ló dé tí Nàìjíríà fi yíjú sí Soviet Union ní 1967?
4. Orílẹ̀-èdè kan ní bàálù 60 láti ilé mẹ́fà. Òmíràn ní 30 láti ilé kan. Èwo lo rò pé yóò rí bàálù tó pọ̀ jù gbé fò ní ọjọ́ ogun? Fi àpẹẹrẹ danfo gbe ìdáhùn rẹ lẹ́sẹ̀.
5. "Ojú ló yẹ kó ṣáájú ọwọ́." Jíròrò ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Rann.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Ẹ lọ bá àgbàlagbà méjì ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ kí wọn, kí ẹ sì béèrè ohun tí wọ́n rántí nípa òru ogun abẹ́lé ní Èkó ní 1967. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ti sọ ọ́. Lẹ́yìn náà, nígbà mìíràn tí bàálù ológun bá ń kọjá lórí Oníkan ní ọjọ́ ayẹyẹ, ẹ má ṣe pàtẹ́wọ́ nìkan. Ẹ kà wọ́n, kí ẹ sì béèrè mélòó ló kù sílẹ̀ tí kò lè gbéra.